Ère Mẹ́ta Tí Kò Ní Ojú

Nígbà náà, òórùn irin tí wọ́n ń yọ́ ló máa ń kọ́kọ́ pàdé èèyàn ní Sàngó-Ọ̀tà. Á ta ni nímú, á sì bá ni dé orí ibùsùn. Àsìkò yẹn ni wọ́n ń sọ ilé ìkẹ́rùsí di ṣọ́ọ̀ṣì, tí yunifásítì ń hù bí olú. Èmi náà ṣẹ̀ṣẹ̀ di olùkọ́ ní ọ̀kan nínú wọn, mò ń kọ́ni nípa iṣẹ́ ọnà òde òní, ojú sì ń kán mi. Ìwọ náà mọ bó ṣe ń rí: ẹni tí kò bá kọ àpilẹ̀kọ, kò sí ìgbéga fún un.

Ní Joju, nínú Sàngó níbẹ̀, ni mo ti rí wẹ́dà àgbàlagbà kan, ọmọ Ọ̀ṣun, tó fi irin àlòkù ṣe ère ọkùnrin mẹ́ta. Ó ní àwọn tí àwọn jọ ń ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ irin ni, tí irin gbígbóná dà lé lórí, tó sì pa wọ́n lọ́jọ́ kan náà. Ọgbọọgba ló gé wọn, ọ̀kan kò yàtọ̀ sí èkejì, ibi tó yẹ kí ojú wà sì jẹ́ irin pẹrẹsẹ lásán. Orí mi wú. Mo ya fọ́tò, n kò bi í ní ìbéèrè kankan, mo sáré lọ kọ ọ́ pé ńṣe ló mọ̀ọ́mọ̀ fi wọ́n sílẹ̀ láìlójú, láti fi hàn pé ilé iṣẹ́ ti gba ojú lára òṣìṣẹ́. Jọ́nà ńlá kan, ìwé àwọn onímọ̀, gbé e jáde, àwọn èèyàn sì yìn mí gan-an.

Nígbà tí mo mú un lọ fún wẹ́dà, tí mo túmọ̀ rẹ̀ fún un, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀.

“Ọ̀gá tísà, mi ò tíì ṣe tán ni o. Fọ́tò ni mò ń retí lọ́wọ́ àwọn ẹbí wọn. Ojú ni mo máa ń ṣe kẹ́yìn, òun ni màá fi yà wọ́n sọ́tọ̀.”

Mo wá mọ̀ pé mo ti ṣì í kọ. Ṣùgbọ́n àfihàn tí a fẹ́ fi àwọn ère náà ṣe ti kù sí dẹ̀dẹ̀, ìwé ìgbéga mi sì wà lórí tábìlì àwọn ọ̀gá.

Mo ní, “Ẹ fi wọ́n sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, bàbá. Bí wọ́n ṣe wà yìí gan-an ló dára.”

Ó ní, “Ó dáa. Ẹ̀yin lẹ mọ̀wé.”

Lọ́jọ́ àfihàn ní yunifásítì wa, ìyá kan ti Ìjù wá, ó di fọ́tò ọmọ rẹ̀ sínú ọ̀rá. Wẹ́dà wà níbi iṣẹ́. Èmi ni wọ́n júwe fún ìyá náà, pé mo mọ̀ nípa àwọn ère náà jù.

“Ọmọ mi, èwo ni tèmi níbẹ̀?”

N kò mọ̀. Kò sẹ́ni tó lè mọ̀, wẹ́dà pàápàá. Mo na ìka sí ti àárín. “Òun nìyẹn, mà.”

Ìyá náà lọ síwájú rẹ̀, ó fọwọ́ pa irin pẹrẹsẹ náà lórí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ròyìn ilé fún un: ìyàwó rẹ̀ ti bímọ, ọkùnrin ni. Mo dúró sẹ́yìn rẹ̀. Kí ọ̀sẹ̀ tó yí po, àwọn tó ra àwọn ère náà ti kó wọn lọ sókè òkun.

Mo di ọ̀jọ̀gbọ́n. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ṣì ń ka àpilẹ̀kọ yẹn, bí wọ́n bá sì ti ń yìn ín, ìyá náà ni mo máa ń rí, ojú a sì tì mí débi pé mi ò ní lè gbé orí sókè. Iṣẹ́ mi ni kí n máa sọ ohun tó wà nínú ère fún aráyé. Ẹnì kan ṣoṣo tí ìdáhùn mi jẹ lógún ní tòótọ́ ló bi mí léèrè, irọ́ ni mo sì pa fún un.