Búta Ọ́ìlì Bàbá Mi

Ọ́ìlì jẹnẹrétọ̀ tí mẹkáníìkì yín ń dà nù láàárọ̀ ló rán mi létí katakata kékeré tí bàbá mi ń wà fún Alájì kan. Ìwọ tó ń kọ ìtàn mi, kọ ọ́ bí mo ṣe ń sọ ọ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, apá ẹ̀yìn katakata náà ò lágbára mọ́. Tó bá gbé irin ìtúlẹ̀ sókè díẹ̀, á tún wálẹ̀. Bẹ́ẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà ni bàbá mi rọ ọ́ìlì tó ń fún apá náà lágbára kún un. Búta àtijọ́ ni wọ́n ń tọ́jú ọ́ìlì sí. Mo ti rí i lọ́jọ́ tó ṣáájú pé búta yẹn ò kún, mo rò pé ti àlùwàlá ni, mo sì pọnmi kún un, torí wọ́n kọ́ wa nílé kéú pé búta àlùwàlá kì í ṣófo.

Bàbá mi tú nọ́ọ̀tì ìdí apá katakata náà. Ọ́ìlì ṣàn jáde, ó funfun bí ògì.

Alájì ní, "O ti ta ọ́ìlì mi, o wá fi omi dí i."

Mi ò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kàn mí. Bàbá mi wo búta, wọ́n wò mí. "Ẹ má bínú, Alájì. Àṣìṣe mi ni."

"Gbé kọ́kọ́rọ́ katakata mi sílẹ̀, kó o máa lọ."

Mo ti bímọ kí n tó mọ̀ pé bàbá mi ti mọ̀ lọ́jọ́ náà pé èmi ni mo bu omi sí i.

Nígbà tí Alájì gba kọ́kọ́rọ́ tán, bàbá mi fi ọṣẹ fọ búta náà, wọ́n pọnmi sí i, wọ́n gbé e fún mi. "Gbà, kó má baà ṣófo. Àlàásàrí ti tó."