Orúkọ Tí A Kì Í Pè Nílé Wa

Òórùn gọ́ọ̀mù tútù ló máa ń gbé ìrọ̀lẹ́ yẹn padà wá fún mi, ní pálọ̀ wa ní Jakande, Ìsọlọ̀. Ọmọbìnrin mi ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ kíláàsì kejì ní girama. Tíṣà wọn ní kí wọ́n ṣa àwọn èèyàn àti ìṣẹ̀lẹ̀ tó ṣe pàtàkì jù nínú ìtàn Nàìjíríà, kí wọ́n lẹ̀ wọ́n mọ́ káádíbọ́ọ̀dù. Ìyá mi jókòó nítòsí, ó ń ṣa ẹ̀wà.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin kú ní Òṣòdì, nígbà rògbòdìyàn tó tẹ̀lé ìbò tí wọ́n fagi lé. Ìbọn ló bà á. Nínú àṣà wa, òbí kì í mọ ibi tí wọ́n sin ọmọ rẹ̀ sí. Nítorí náà, èmi àti àwọn àbúrò bàbá mi la gbé e lọ, a kò sì sọ fún ìyá mi. Láti ìgbà náà ni mo ti kọ́ gbogbo ará ilé láti máa yẹra fún orúkọ rẹ̀. Mo pe ara mi ní ọlọ́gbọ́n.

Ọmọ mi fi ohùn òkè ka ohun tó kọ: "Wọ́n fagi lé ìbò, ọ̀pọ̀ èèyàn sì kú."

"Yọ ìyẹn kúrò," mo yára sọ. "Fi òmìnira sí i."

"Dádì, òmìnira ti wà níbẹ̀ tipẹ́."

Ìyá mi gbé àtẹ ẹ̀wà sílẹ̀. "Ọ̀pọ̀ èèyàn? Ṣé ọ̀pọ̀ èèyàn ni mo bí ni?" Ó pe orúkọ ẹ̀gbọ́n mi, bí ẹni ń jí ọmọ fún iléèwé. "Kọ ọ́ síbẹ̀." Ọmọ náà kọ ọ́ sí abẹ́ orúkọ àwọn olórí orílẹ̀-èdè.

Ìyá mi wá kọjú sí mi. "Ibo lẹ sin ín sí?"

"Màámi, ẹ jọ̀ọ́. Òbí kì í béèrè."

"Wọ́n ní ọmọ kú sàn ju ọmọ nù. Èwo wá ni tèmi? Ṣé mo máa ń gba ibẹ̀ kọjá?"

Igbó tí a sin ín sí ti di ṣọ́ọ̀bù ní Àgọ́ Palace, ibẹ̀ ni ìyá mi sì ti ń ra búrẹ́dì. Mo wo ilẹ̀. Wíwò tí mo wò ó ti tó èsì fún un.

Láti ọjọ́ yẹn títí ó fi kú, ìyá mi kò fi agbára tẹ ilẹ̀ mọ́. Láti Jakande dé Aswani, ó ń rọra gbẹ́sẹ̀ bí ẹni tí ọmọ rẹ̀ ń sùn ní yàrá kejì, nítorí kò mọ ibi tí ọmọ náà wà gan-an.

Èmi nìkan ló kù tó mọ ibẹ̀. Ọmọ mi ti dàgbà báyìí, ó sì ń béèrè lọ́wọ́ mi. Àṣà kò dí òun lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n bí mo bá sọ, ibi kan ṣoṣo ni yóò máa rọra tẹ̀.