Bàbá, Ẹ̀rọ Yín Ṣiṣẹ́

Yéè, Bàbá mi! Ó ti di gbére láàárín wa! Ọwọ́ yín tí ó mú mi wọ ṣọ́ọ̀ṣì ní ọ̀sẹ̀ márùn-ún sẹ́yìn ni wọ́n ká lé yín láyà yìí? Ẹnu yín tí ó súre fún mi ni ó dákẹ́ báyìí?

Bàbá, akọ̀wé tí kì í fi iṣẹ́ òní dúró de ọ̀la! Ẹ̀yin tí ẹ máa ń kí ọmọdé ní "Òkun o" kí ọmọdé tó rántí kí yín. Ẹ̀yin tí bàtà yín àtijọ́ ń dán ju ti ẹni tí ó ra tuntun lọ.

Ẹ̀yin èèyàn wa, ìyàwó tuntun ni mí, n kò sì lè fi pamọ́. Inú mi dùn débi pé mo máa ń rẹ́rìn-ín sí abọ́ tí mo bá ń fọ̀, mo máa ń pe Délé ọkọ mi láìní ohun kan tí mo fẹ́ kí ó ṣe fún mi. Bí mo ti ń kọ ìwé yìí pẹ̀lú omijé, bí mo bá gbọ́ ohùn rẹ̀ nínú yàrá kejì, ayọ̀ ń ta nínú mi, ojú sì ń tì mí pé bàbá mi kú, mo sì ń yọ̀. Ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ni ìtìjú mi gan-an.

Láti ọjọ́ tí ẹ ti lọ, Bàbá, ni àwọn abánikẹ́dùn ti ń wá. Wọ́n á yìn yín tán, wọ́n á wá mi orí: "Ó ṣe o. Gbogbo wàhálà tí wọ́n ṣe lórí kọ̀ǹpútà yẹn, kò jí títí wọ́n fi lọ." Mo ń gbọ́, mo ń dákẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní ìwà rere yín nìkan ni kí n kọ sínú ìwé ètò ìsìnkú yín yìí. Ìwà rere yín tí mo mọ̀ jù lọ ni pé ẹ gba ẹ̀sín tí ó tọ́ sí mi. N kò ní jẹ́ kí wọ́n sin irọ́ yẹn mọ́ yín.

Nígbà tí wọ́n dá Kogí sílẹ̀, tí wọ́n ní kí àwọn òṣìṣẹ́ tí ó jẹ́ ọmọ ilẹ̀ wa kúrò ní Ìlọrin, kọ̀ǹpútà kan wà ní ọ́fíìsì yín tí ó ti kú, tí wọ́n fẹ́ jù nù. Ẹ tọrọ rẹ̀. Àwọn ẹlẹgbẹ́ yín kó bẹ́ẹ̀dì àti àga sínú lọ́rì. Ẹ̀yin fi aṣọ òtútù wé kọ̀ǹpútà, ẹ gbé e lé itan títí dé Kábà.

Ọdún tí ẹ fi tú u, tí ẹ fi tò ó, n kò kà á mọ́. Alàájì aláṣọ, aládùúgbò wa àti ọ̀rẹ́ yín, kì í kọjá láìdápàárá: "Hàbá, Bàbá Fúnmi! Òkú yìí ò tíì rà? Ẹ jẹ́ ká wá kírun sí i lára ká sin ín!" Ẹ ó rẹ́rìn-ín: "Alàájì, kò kú. Ìdí àìsàn rẹ̀ ni a kò tíì rí." Ohun tí ẹ máa ń sọ lórí ohun gbogbo nìyẹn, lórí ewúrẹ́ tí kò jẹun, lórí èmi náà nígbà tí mo fìdí rẹmi nínú ìṣirò.

Ìgbéyàwó mi ku oṣù kan nígbà tí ẹ rí ìdí náà. Bátìrì kékeré kan nínú rẹ̀ ti jò, omi rẹ̀ sì ti jẹ àwọn ojú ọ̀nà tín-ín-rín tí iná ń gbà kọjá. Ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín yín àtijọ́ fọ̀ ọ́, ẹ fi sípírítì nù ún, ẹ sá a sóòrùn. Ẹ ya wáyà rédíò, ẹ fa ẹyọ irun rẹ̀ kọ̀ọ̀kan yọ, ẹ fi irin gbígbóná yọ́ òjé lé e, ibi tí ó já sì so pọ̀. Màmá ti lọ sí oko ní Odò-Àpé lọ́sàn-án ọjọ́ náà, èmi nìkan ni mo wà nílé nígbà tí ẹ pariwo: "Fúnmi! Fúnmi, sáré wá!" Mo bá àmì kékeré aláwọ̀ ewé kan tí ó ń ṣẹ́jú lójú dúdú ẹ̀rọ náà. Ẹ rọra tẹ orúkọ mi, ó sì yọ. Ẹ dìde, ẹ jó yí àga ká. Ẹ ní: "Má sọ fún ẹnikẹ́ni o, títí kan ìyá rẹ. Òun ni n ó fi tẹ ìwé ètò ìgbéyàwó rẹ. Ọjọ́ tí Alàájì bá ṣí i ní ṣọ́ọ̀ṣì, á mọ̀."

Ọjọ́ mẹ́ta ni ẹ̀rọ ìtẹ̀wé rẹ̀, tí ẹ gbà pẹ̀lú rẹ̀ ní Ìlọrin, fi ń ké nínú yàrá ẹ̀yìn. Alàájì na ọrùn lórí ògiri: "Kí ló ń ké bí ewúrẹ́ tó há sọ́gbà yìí?" Ẹ ní kí wọ́n dúró di Sátidé. Nítorí pé ẹ̀rọ náà kò mọ àmì tí a ń fi sábẹ́ lẹ́tà Yorùbá, ẹ fi báírò to wọn sí i níkọ̀ọ̀kan, lórí ọgọ́rùn-ún ìwé.

Ọwọ́ méjèèjì ni ẹ fi kó wọn fún mi. Mo kúnlẹ̀, mo dúpẹ́, ojú sì ń tì mí. Etí ìwé náà ní ihò wẹ́wẹ́ tí ẹ̀rọ fi ń fà á, bí ẹni pé kòkòrò jẹ ẹ́, báírò sì hàn lójú gbogbo rẹ̀. Mo ro àwọn àna mi, àwọn ará Lọ́kọ́ja, tí ìka méjì ni wọ́n fi ń di nǹkan mú bí ẹni pé ìdọ̀tí ni. Mo sọ fún Délé pé ẹ kò rí i tẹ̀, ó sì lọ tẹ òmíràn ní Lọ́kọ́ja, lórí pépà dídán. Láàárọ̀ ọjọ́ ìgbéyàwó, igi ìdáná tutù, èéfín ń yọ àwọn tó ń se ìrẹsì lẹ́nu. Mo kó ọgọ́rùn-ún ìwé náà fún Àǹtí mi, tí wọn kò mọ̀wé kà, tí wọ́n sì rò pé pépà ọ́fíìsì yín àtijọ́ ni. Wọ́n ń fi í dáná lọ́wọ́ ni ẹ wọlé wá bu omi. Ẹ wo iná náà. Ẹ wò mí. Ẹ bi Àǹtí pé, "Ṣé igi yẹn gbẹ tó?" Ẹ bu omi yín, ẹ jáde.

Níbi àpèjẹ, Alàájì gbé ìwé dídán yẹn sókè: "Bàbá Fúnmi, Sátidé mà dé o! Ìwé tiyín dà?" Àwọn àna mi yíjú. Kí ẹ tó la ẹnu, mo ní: "Kò jí rárá, Alàájì. Ó kàn ń ya ìwé jẹ ni." Ẹ̀rín bú. Nílẹ̀ wa, bàbá ìyàwó kì í pe ọmọ rẹ̀ ní onírọ́ lójú àna. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí n tó sọ ọ́. Ohun tí mo gbójú lé nìyẹn. Ẹ bá wọn rẹ́rìn-ín. Ẹ ní: "Ẹ̀rọ àtijọ́ ni, ẹ má dá a lóhùn." Alàájì ní àwọn á bá yín ra pósí fún un. Ẹ tún rẹ́rìn-ín.

Ẹ kò bá mi wí rárá. Mo ní n ó padà wá kúnlẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kan, mo ń ra kọ́tìnnì. Ọ̀sẹ̀ kejì, Délé mú mi lọ wo ibi tí odò méjì ti pàdé. Ayọ̀ ni kò jẹ́ kí n rántí. Rárá o, mo rántí, ayọ̀ ni mo sá sí. Àkàrà ni mo ń dín, mo ń kọrin, nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi kan ilẹ̀kùn pé ẹ sùn, ẹ kò jí.

Lánàá, èmi àti Délé tan kọ̀ǹpútà náà. Kò dáhùn. Bóyá wáyà kan wà tí ọwọ́ yín nìkan mọ bí a ti ń fi í sí i. Ìwé ti jóná. Àwa méjì péré ni a rí i nígbà tí ó ń ṣiṣẹ́, ẹ̀yin sì ti lọ. Ẹ̀rí tí ó kù ni ẹnu mi, ẹnu tí ó ti parọ́.

Ẹnu náà ni mo fi ń sọ ọ́: Alàájì, ó ṣiṣẹ́. Màmá, ó ṣiṣẹ́. Ẹ̀yin àna mi, ọgọ́rùn-ún ìwé ni bàbá mi tẹ̀ fún ọmọ wọn, ọmọ wọn sì fi í se ìrẹsì tí ẹ jẹ. Ẹni tí ó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, èmi rèé, mo jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ Màmá ní ìlà iwájú.

Bàbá, ẹ má gbé ẹ̀sín mi dání lọ. Ẹ sọ ọ́ kalẹ̀ fún mi, ọrùn mi ni ó tọ́ sí. Ẹ sùn re o, Bàbá mi. Ẹ na ẹsẹ̀ yín, kí ẹ sùn re.

Fúnmi, ọmọ yín