Ayọ́ọ̀nù Àlàájà Lóde Sìtíìmù-Pọ́ńkì

Ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ń gbé yàrá ní Yàbá ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ sìtíìmù-pọ́ńkì fún mi. Ó ní ayé inú ìtàn ni, níbi tí ẹ̀rọ tó ń fi ooru omi ṣiṣẹ́ ò ti kógbá sílé, tí iná mànàmáná ò sì rí ibẹ̀ jókòó.

Mo ní, "Ṣé kì í ṣe àdúgbò wa lò ń sọ yẹn?"

Kò rẹ́rìn-ín. Ó ti forúkọ àwa méjèèjì sílẹ̀ fún òde tí àwọn tó fẹ́ràn irú ìtàn bẹ́ẹ̀ fẹ́ ṣe lọ́sàn-án Sátidé. Kí kálukú múra bí ará ayé yẹn: fìlà gíga, kóòtù, idẹ, irin eléyín.

Mo wá lọ sí Pápá Àjàó, lọ́dọ̀ Àlàájà, ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin. Wọ́n ṣì ní ayọ́ọ̀nù eléèédú, èyí tó ní ihò èéfín lórí. Mo ní kí wọ́n yá mi.

"Kí lo fẹ́ fi lọ̀?"

"Mi ò fẹ́ lọ nǹkan kan, mà. Mo fẹ́ so ó mọ́ ìgbànú ni."

Àlàájà mú ìborùn wọn. "A jọ ń lọ ni. Ayọ́ọ̀nù mi ò ní dá jáde."

Bí èmi, ọ̀rẹ́ mi àti Àlàájà ṣe jọ dé òde nìyẹn. Àlàájà jókòó sáàárín àwọn ọmọ tó wọ kóòtù nínípọn nínú ooru Èkó, tí gbogbo wọn gbé awò wẹ́dà sójú.

"Ta ló fẹ́ jó irin níbí?"

"Kò sẹ́nì kankan, mà."

"Wẹ́dà ẹ̀gbẹ́ ilé wa gan-an kì í wọ̀ ọ́."

Obìnrin tó ṣètò òde náà dìde sọ̀rọ̀. Ó ní idẹ nìkan kọ́. Ẹ̀rọ tó fi inú rẹ̀ han èèyàn, tí ojú rí ohun tó ń yí èkejì, lòun ń pè ní sìtíìmù-pọ́ńkì. Ó nàka sí irin eléyín tí mo fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ mọ́ fìlà. "Kí ni èyí ń yí?"

Mo ní kò yí nǹkan kan. Wọ́n bú sẹ́rìn-ín.

Ó dùn mí. Mo jáde, mo tọrọ èédú pípọ́n lọ́wọ́ ẹni tó ń sun àgbàdo lẹ́bàá ọ̀nà, mo kó o sínú ayọ́ọ̀nù tó so mọ́ mi nídìí, mo sì padà wọlé pẹ̀lú èéfín. Wọ́n pàtẹ́wọ́! Àfi bí òórùn aṣọ tó ń jó ṣe gba ibẹ̀ kan. Ṣòkòtò mi ni. Mo lọgun. Mégáàdì sáré wọlé pẹ̀lú agolo pupa tí wọ́n fi ń paná, ó sì fọ́n ìyẹ̀fun funfun sí mi látorí dé bàtà.

"Ayọ́ọ̀nù mi o!" ni Àlàájà ké. Kì í ṣe "Ọmọ mi o!"

Nígbà tí wọ́n ti bu omi sí itan mi tán, a wọ kẹ̀kẹ́ padà sílé Àlàájà. Lójú ọ̀nà ni wọ́n bi mí bóyá ìgbà àtijọ́ la fẹ́ kó padà.

"Rárá, mà. Ìgbà àtijọ́ tí kò ṣẹlẹ̀ rí ni."

"Èyí tó ṣẹlẹ̀ ńkọ́? Ó sú yín?"

Mo ń gbọn ìyẹ̀fun kúrò lára ayọ́ọ̀nù wọn. Iṣẹ́ tèmi, ní ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe áàpù fóònù, ni kí n máa fi àwòrán tó ń dán bo inú ẹ̀rọ, kẹ́nikẹ́ni má baà rí i. Bóyá ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ obìnrin yẹn fi wọ̀ mí lára.

Kí n tó bọ́ bàtà, Àlàájà ti ń ròyìn fún àwọn ará ilé. Nínú ìròyìn tiwọn, iná náà ti dé ọrùn mi.