Orin Ológì

Kó, kó, kó. Ọwọ́ òsì ìyá bàbá mi ni mo dì mú, tí mo fi ń lu ìdérí ike ògì lẹ́yìnkùlé wa ní Okokomáíkò. Omidùn ń ta sánsán, ewúrẹ́ ń jẹ eèrí lẹ́sẹ̀ wa, ìyá àgbà sì ń wò mí bí ẹni tó fẹ́ gbá mi létí. Ká ní ọwọ́ ọ̀tún wọn ń ṣiṣẹ́ ni, wọn ì bá ti gbá mi.

Rọpárọsẹ̀ ló mú wọn. Ó mú apá, ó mú ẹsẹ̀, ó wá palẹ̀ ọ̀rọ̀ ẹnu wọn mọ́. Obìnrin tó jẹ́ pé tó bá ń polówó ògì ní Ìyànà-Ìbá, ẹni tó ń sùn nínú ọkọ̀ á jí. Ẹnu yẹn ló wá ku "àà" nìkan.

Nọ́ọ̀sì kan ní ọsibítù ló ní ká máa kọrin pẹ̀lú wọn, ká máa fi ọwọ́ òsì wọn lu nǹkan tọ orin náà. Ó ní ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ ń gbà nínú ọpọlọ ló bà jẹ́, pé orin lè bá ọ̀nà míì yọ. A dá orin ṣọ́ọ̀ṣì. Ìyá àgbà kọ ọ́ délẹ̀, ó já gaara. Bàbá mi sunkún ayọ̀, ó ní ṣé wọ́n á mu omi.

"Àà."

Ìyá tó ń ta kẹrosíìnì lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ní àrékérekè ni, pé ẹni tó lè pe Jèhófà, kí ló dé tí kò lè pe omi? Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ náà dùn.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ní òun á gbé ìyá òun lọ sí Ìjànikín lọ́jọ́ Sátidé, sí yàrá kan lẹ́yìn ilé òun, kí wọ́n yé yọ ara wọn lẹ́nu nídìí ògì. Ó ní ẹni tí kò lè sọ ohun tó fẹ́, ọmọ rẹ̀ ni yóò bá a sọ ọ́. Ìyá àgbà di etí ike ògì mú, wọn ò fi í sílẹ̀ títí ó fi lọ.

Lọ́jọ́ kejì, mo gbé ògì tí màmá mi sẹ́, mo ń polówó rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tí ikọ́ ń ṣe. Ohùn kan gbà á lẹ́nu mi láti ẹ̀yìnkùlé: "Ògì rèé o, ògì àárọ̀ rèé o, ó tutù, ó kúnná." Ìyá àgbà ni. Ó jọ pé ìpolówó mi ló bí wọn nínú.

Mo sáré lọ di ọwọ́ òsì wọn mú. "Omi rèé o, omi tútù rèé o." Wọ́n gbè é. Wọ́n wo ife omi tí mo gbé sí iwájú wọn, wọ́n tún un kọ fúnra wọn, wọ́n mu ún. Ṣé ẹ rí i, orin ṣọ́ọ̀ṣì, ẹnikẹ́ni kì í yí i padà. Orin ọjà, ohun tó bá wà lórí àtẹ lèèyàn ń fi sí i. Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn, a polówó ata, a polówó oorun, a polówó ilé ìgbẹ́.

Sátidé dé. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ti gbé àpò wọn sí búùtù. A mú ìyá àgbà dé ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, wọ́n bá fi ọwọ́ òsì lu bọ́nẹ́ẹ̀tì. Kó, kó, kó.

"Mi ò lọ o, mi ò lọ Ìjànikín o, ilé mi rèé o, ó tutù, ó kúnná."

Wọn ò rí ìrù orin náà gé kúrò. Ìyá oníkẹrosíìnì gbọ́ ohùn náà, ó gbé abọ́ jáde, ó ní kí wọ́n bu ògì tòun. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi wo abọ́, ó wo ìyá rẹ̀. Ó ṣí búùtù, ó gbé àpò sọ̀kalẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ẹnu ìyá àgbà kò padà tán títí ọlọ́jọ́ fi dé. Kódà orin ni wọ́n fi bú ìyá oníkẹrosíìnì, onítọ̀hún sì jó sí i.

Aṣọ ọmọdé ni mò ń tà ní Ìyànà-Ìbá báyìí. Bí oníbàárà bá ná ọjà mi ní ìnákúnàá, tí ọ̀rọ̀ há mi lọ́fun, ọwọ́ òsì mi á bẹ̀rẹ̀ sí í lu tábìlì. Àwọn oníbàárà máa ń rò pé orin ló wà létí mi. Ọwọ́ tí mo dì mú lẹ́yìnkùlé yẹn ni, mi ò tíì fi í sílẹ̀.