Mọ́tò Oníbẹ́ẹ̀dì Ìyá Kúnbi

Àwọn tó ní Ọládùnní, ìyá Kúnbi, ya wèrè nígbà tó ra mọ́tò yẹn, wọn ò mọ̀ ọ́n. Èmi mọ̀ ọ́n. Ilé kan náà la jọ háyà yàrá ní Ìsọlọ̀, ilé ìdáná kan la jọ ń lò. Aránṣọ ni, aṣọ iṣẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ àdúgbò wa ló sì ń rán. Owó epo rọ̀bì ti pọ̀ nílùú nígbà náà, ibi gbogbo ni wọ́n ń la títì sí. Katapílà wó ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ l'Óṣòdì. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ránṣẹ́ láti Òde-Rẹ́mọ pé kó máa bọ̀ nílé. Ta ló fẹ́ lọ jókòó ti ìyàwó ẹ̀gbọ́n, tí yóò máa ka ẹran inú ọbẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́? Ìyá Kúnbi ní láéláé.

Ló bá ra mọ́tò kan tí àwọn òyìnbó tó ń wọn ilẹ̀ fi sílẹ̀ lọ. Ilé ni, mọ́tò ni: bẹ́ẹ̀dì wà nínú rẹ̀, ibi ìdáná wà níbẹ̀, àyè ìkẹ́rùsí sì wà lẹ́yìn. Àyè yìí ló fẹ́ kó àwọn ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ sí, kó máa gbé wọn lọ síwájú géètì àwọn ilé-iṣẹ́. Àmọ́ ìpẹtà ti jẹ ilẹ̀ ibẹ̀. Bí o bá fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, ṣe ló ń rún wómúwómú.

A gbé e lọ bá Fàósátù, wẹ́dà ní Bọ́ládé. Ọwọ́ rẹ̀ yá, ẹnu rẹ̀ sì yá ju ọwọ́ lọ. Bí wọ́n ṣe máa ń ṣe níbẹ̀ ló ṣe: ó lẹ páànù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lé ìpẹtà lórí, ó fi pọ́tì dí i, ó fi ọ̀dà kùn ún, ó ń dán gbinrin. Ó ní kí Ìyá Kúnbi, tó ń pè ní Àǹtí, wá wo iṣẹ́. Ìyá Kúnbi bọ́ bàtà, ó gun orí páànù náà, ó fò sókè lẹ́ẹ̀kan. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wọlẹ̀ dé orúnkún. Àwọn tó ń dúró de bọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín, inú sì bí mi sí wọn gidigidi.

Ó fa ẹsẹ̀ yọ, ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn lójúgun rẹ̀. Ó ní, "Fàósátù, bí a bá lẹ aṣọ mọ́ ibi tó ti gbó, abẹ́rẹ́ náà ni yóò ya á. Gé e títí wàá fi dé ibi tó le."

Fàósátù gé e. Ìgbà tó gé e tán ló rí i pé ìpẹtà ti jẹ àwọn irin tó gbé ilẹ̀ náà dúró. Ihò gbàràmù ló kù. Irin tó nípọn sì wọ́n bí ojú, àwọn tó ń kọ́lé ti kó gbogbo rẹ̀. Ó ní kí Àǹtí ta mọ́tò náà fáwọn tó ń ra irin àlòkù. Èmi gan-an ní kó tà á.

Ìyá Kúnbi gba ilé lọ. Nígbà tó padà, àwọn alábàárù ru ilẹ̀kùn irin tẹ̀ lé e. Ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ni. Ẹ̀yìn ilé wa ló gbé e tì látìgbà tí wọ́n ti wó ṣọ́ọ̀bù. Ó máa ń fi epo pa á kó má baà dípẹtà, torí bó bá rí ṣọ́ọ̀bù míì, òun ni yóò fi sí i. Olóògbé ọkọ rẹ̀ ló fi irin kọ orúkọ Kúnbi, ọmọ wọn, sí i lára.

Fàósátù wo ilẹ̀kùn náà títí. Ó ní, "Àǹtí, ẹ jẹ́ n yọ ibi orúkọ yìí sọ́tọ̀ fún yín."

"Ṣé ibẹ̀ nípọn?"

"Ibẹ̀ ló nípọn jù."

"Gé e mọ́ ọn."

Ilẹ̀ mọ́tò tí Fàósátù fi ilẹ̀kùn náà ṣe gba gbogbo ẹ̀rọ náà, kò mì, Ìyá Kúnbi ò sì padà sí Òde-Rẹ́mọ. Àmọ́ ohun tí mo fojú rí lọ́jọ́ yẹn ni mò ń sọ. Òun fúnra rẹ̀ ló fi àkísà di etí ilẹ̀kùn náà mú, títí iná fi gba àárín orúkọ ọmọ rẹ̀ kọjá. Omi ń dà lójú rẹ̀. Kò fi ilẹ̀kùn náà sílẹ̀.