Igi Ọsàn Ọlọ́dà Pupa

Bí ẹ bá rí i tí àwọn ará àdúgbò wa ń sáré lọ sẹ́yìnkùlé láàárọ̀, ẹ má wulẹ̀ bèèrè, àbúrò ìyá mi ló ń bọ̀. Ọ́fíìsì tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àrùn igi ló ti ń ṣiṣẹ́. Agolo ọ̀dà pupa á wà lọ́wọ́ òsì rẹ̀, búrọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ ọ̀tún, àlùmágàjí ńlá tí wọ́n fi ń gé ẹ̀ka á sì máa jó nídìí rẹ̀ bí ìrù. Igi ọsàn tó bá ti fi ọ̀dà yẹn kàn, tirẹ̀ ti tán nìyẹn. Àwọn aláyùn á dé lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n á gé e, wọ́n á sun ún tẹ̀ka tewé. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi sọ ọ́ ní Ọlọ́dà Pupa. Èmi tí mò ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ wá di Ọmọ Ọlọ́dà, bí ẹni pé èmi náà máa ń pa igi.

Àrùn ọ̀hún kì í ṣe ọmọ onílẹ̀. Àǹtí mi ní ẹnì kan tó ti òkè òkun bọ̀ ló fi ẹ̀ka ọsàn kan pamọ́ sáàárín aṣọ nínú báàgì, ó fẹ́ so ó mọ́ igi ilé rẹ̀ kó lè máa jẹ ọsàn tó dùn bíi tọ̀hún. Ẹ̀ka yẹn ò dá wá, ó mú àlejò dání. Ewé á kọ́kọ́ yọ àmì kéékèèké tó le bí èépá egbò, tí àwọ̀ ìyeyè yí i ká. Èso á rí bí ojú ẹni tí irorẹ́ bò, kó sì tó pọ́n, ó ti já bọ́. Kò gbóògùn. Òjò ń gbé e láti ewé dé ewé, afẹ́fẹ́ ń bá a fo odi, irin tí a bá sì fi gé igi tó ní in á gbé e lọ bá èyí tí kò ní.

Ká má purọ́, àwọn èèyàn wa gbọ́n. Bàbá tíṣà kan nísàlẹ̀ òpópónà já gbogbo ewé tó lámì lára igi rẹ̀ títí igi náà fi pá bí orí bàbá fúnra rẹ̀. Ìyá kan ní àmì ìbí ni, pé àtikékeré ni igi òun ti ní in. Àǹtí mi á gbọ́ ọ parí, á ní ẹ kú ìrọ́jú, á wá kun ọ̀dà. Ó ní igi kan ṣoṣo téèyàn bá ṣàánú, gbogbo òpópónà ló máa fi ìka àbámọ̀ bọnu.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ náà ká lára jù ni aránbàtà tó múlé tì wá. Odi kúkurú kan ló là wá láàárín. Abẹ́ igi ọsàn rẹ̀ ló ti ń ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀, kí Ọlọ́dà tó kùn ún lọ́dún tó kọjá, tí wọ́n gé e. Bàbá ò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó sọ kùkùté igi náà di àga, ibẹ̀ ló ń jókòó sí ran bàtà nínú oòrùn, ó dojú kọ ọgbà wa gbọnrangandan, ó ń wo igi ọsàn tiwa. Tí àǹtí mi bá ń lọ síbi iṣẹ́, á kí i pé, “Ìyá Ọlọ́dà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ta ló kàn?”

Igi tiwa yìí, ọkọ àǹtí mi ló gbìn ín kó tó di olóògbé. Ọkùnrin náà kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ nígbà ayé rẹ̀, nítorí náà ìyàtọ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ sí nígbà tí àǹtí mi bẹ̀rẹ̀ sí í bá igi sọ̀rọ̀ dípò rẹ̀. Ó máa ń fẹjọ́ ọ̀gá rẹ̀ sùn ún. Ó máa ń fẹjọ́ èmi náà sùn ún, pé mò ń jẹ́ kí oúnjẹ jóná. Nígbà míì á dákẹ́ díẹ̀, á mi orí, á ní, “Ohun témi náà sọ nìyẹn.”

Lọ́jọ́ kan ló ti ibi iṣẹ́ dé, ó ti rẹ̀ ẹ́ tẹnutẹnu. Afẹ́fẹ́ ń fẹ́ ẹ̀ka igi náà kan, ó ń gbá tánkì omi gbàgà gbàgà. Àǹtí mi ní òun ò lè fi ariwo yẹn sùn. Kò tilẹ̀ bọ́ bàtà, ó yọ àlùmágàjí ìdí rẹ̀, ó gé ẹ̀ka náà, ó wọlé lọ sùn. Obìnrin tó máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà olónílé wàásù pé, ẹ ri irin yín bọ apakòkòrò kẹ́ ẹ tó kan igi míì o. Irin tó fi gé igi aláìsàn lọ́sàn-án, òun náà ló fi gé tiẹ̀ nírọ̀lẹ́.

Lẹ́yìn òjò bíi mélòó kan, mò ń sá aṣọ ni mo rí àmì lára ewé. Mo pè é. Ó wò ó, ó ní eruku ni. Ó fi etí ìró rẹ̀ nù ún. Ó tutọ́ sí i, ó tún un nù. Ó wá já ewé náà, ó tẹ̀ ẹ́ bọ àpò, ó ní kí n lọ gbé omi kaná, bẹ́ẹ̀ kò sí nǹkan kan tá a fẹ́ fi omi gbígbóná ṣe.

Látọjọ́ yẹn ni ilé wa ti dàrú. Ní kùtù hàì, màá bá a lábẹ́ igi, á máa já ewé bíi bàbá tíṣà. Nígbà tí ewé tó lámì wá pọ̀ ju ohun tápá ká lọ, ó kó gbogbo aṣọ ìbùsùn ilé jáde, ó ní kí n fọ̀ wọ́n, ó sì tẹ́ wọn bo ẹ̀ka tó kọjú sódò aránbàtà. Lọ́jọ́ kejì, ó ní kí n tún wọn fọ̀. Lọ́jọ́ kẹta, bákan náà. Ọṣẹ tán, ọwọ́ mi bó. Bàbá ń wò wá láti orí kùkùté. Nígbà tó sú u, ó gbé abẹ́rẹ́ sílẹ̀, ó bi mí pé, “Ọmọ Ọlọ́dà, jọ̀ọ́, ta ló ń tọ̀ sílé nínú ẹ̀yin méjèèjì?”

Mo ní, “Èmi kọ́ o, bàbá.” Bó ṣe di pé àǹtí mi ló ń tọ̀ sílé nìyẹn. Ìròyìn náà dé ọ́fíìsì rẹ̀ ṣáájú rẹ̀.

Mo bá a sọ̀rọ̀ pé kó jẹ́ ká pe aláyùn. Ó ní, “Ṣé kí n tún sin ín lẹ́ẹ̀kejì ni?” Tó bá fi igi yẹn sílẹ̀, àwọn igi ọsàn tó ṣẹ́ kù ládùúgbò ti gbé nìyẹn. Tó bá sì gé e, kò ní ẹni tí á máa bá sọ̀rọ̀ mọ́ àfi èmi, bẹ́ẹ̀ èmi máa ń fèsì.

Ọjọ́ tí iṣẹ́ àyẹ̀wò igi kan òpópónà wa pé. Àǹtí mi wọ ilé gbogbo, ó yẹ igi gbogbo wò. Ó gba iwájú ilé wa kọjá bí ẹni tí kò mọ onílé rí, ó lọ sọ́dọ̀ aránbàtà láti wò bóyá kùkùté rẹ̀ ti tún hu ewé. Èmi ni mo bá a gbé agolo. Kùkùté ò hu nǹkan kan. Àmọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ odi, níbi tí ẹ̀ka igi wa yọrí sí gan-an, ògbólógbòó bàtà òjò kan wà níbẹ̀ tí oníbàtà ò padà wá gbà. Bàbá ti bu erùpẹ̀ kún inú rẹ̀, ọmọ ọsàn kan sì ti yọrí lẹ́nu bàtà, ewé rẹ̀ ń dán yinrin.

Àǹtí mi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó yẹ ewé rẹ̀ wò níkọ̀ọ̀kan, tojú tẹ̀yìn. Kò sí àmì. Ó gbójú sókè. Aṣọ ìbùsùn wa ń fẹ́ lẹ́lẹ́ lórí odi, ẹ̀ka wà lẹ́yìn aṣọ, òjò sì ti ṣú dúdú bí ìdí ìkòkò lẹ́yìn ẹ̀ka. Ẹ̀kán òjò kan bọ́ sí mi nímú.

“Ẹ gbé ọmọ yẹn wọlé kí òjò tó dé,” ló sọ fún aránbàtà. Ó já agolo gbà lọ́wọ́ mi. Obìnrin tó ní orúnkún ń dun òun, kò gba ẹnu ọ̀nà, odi ló gùn. Ó jábọ́ sọ́dọ̀ wa tòun taṣọ ìbùsùn, ó dìde, ó ki búrọ́ọ̀ṣì bọ ọ̀dà. Kò kùn ún wàràwàrà bó ṣe ń kun tàwọn ẹlòmíì. Ó rọra kùn ún yí ìdí igi ká, bí ẹni tó ń fi ìpara pa ọmọ lára. Ó sọ nǹkan kan sí i tí mi ò gbọ́. Ó dúró díẹ̀, ó mi orí. Lọ́tẹ̀ yìí, kò sọ pé ohun tóun náà sọ nìyẹn.

Nígbà tílẹ̀ mọ́ tí ewé gbẹ, aránbàtà ti dé ẹnu ọ̀nà wa pẹ̀lú ayùn, garawa apakòkòrò wà lọ́wọ́ kejì. Ayùn náà mú bérébéré.

Àǹtí mi ní, “Ìgbà wo lẹ pọ́n ọn?”

“Ọjọ́ tẹ́ ẹ kọ́kọ́ sáṣọ ìbùsùn.”

“Ẹ mọ̀, ẹ ò sì lọ sọ lọ́fíìsì wa?”

“Ìyá Ọlọ́dà, bàtà lèmi ń ràn. Ẹ̀yin lẹ lọ̀dà.”

Wọ́n jọ gé e, wọ́n jọ sun ún. Àǹtí mi fúnra rẹ̀ ló lọ ròyìn fún ọ̀gá rẹ̀, ọ̀gá sì ní kó máa sọ ìtàn náà fún gbogbo ẹni tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà síṣẹ́. Ó ń sọ ọ́ dáadáa. “Obìnrin kan tí mo mọ̀” ló fi ń bẹ̀rẹ̀.

Kùkùté ti di méjì báyìí, wọ́n kọjú síra wọn. Àǹtí mi ń jókòó sórí tiẹ̀ láàárọ̀ kó tó lọ síbi iṣẹ́, á máa fẹjọ́ èmi àti ọ̀gá rẹ̀ sun aránbàtà. Bàbá kì í dáhùn, ìṣó kún ẹnu rẹ̀. Ó kàn máa ń mi orí. Ìyẹn bá àǹtí mi lára mu gan-an.

Tó bá ti rojọ́ tán, á kọjá sọ́dọ̀ bàbá lọ wo ọmọ inú bàtà, á yí ewé rẹ̀ síwá sẹ́yìn, agolo ọ̀dà lọ́wọ́. Ìgbà yẹn nìkan ni bàbá máa ń tu ìṣó sọ́wọ́.

“Ìyá Ọlọ́dà, ẹ gbé agolo yẹn sẹ́yìn. Ẹ ń dẹ́rù ba ọmọ.”